Ọdún Tí Itan Wa Di Tìránsífọ́mà

Níbi iṣẹ́ mi lónìí, àwọn kan wà tí wọ́n ń sanwó lóṣooṣù kí wọ́n lè gun kẹ̀kẹ́ tí kò lọ síbì kankan. Wọ́n á wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ra, wọ́n á gbé tówẹ̀lì kọ́rùn, wọ́n á máa wa kẹ̀kẹ́ náà lójú kan, òógùn á máa bọ́ lára wọn, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀ kí ayé lè rí i. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá dara pọ̀ mọ́ àwọn, mo dúpẹ́, mo ní mo ti ṣe tèmi tán kí n tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ní Àtìkòrì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, lábẹ́ àṣẹ bàbá tó bí mi lọ́mọ, ẹnikẹ́ni kò sì yà mí ní fọ́tò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni. N kò bá wọn jiyàn, nítorí ẹni tí kò bá fi itan rẹ̀ ṣáájì fóònù rí, kò sí bí ènìyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un.

Ọdún yẹn ni tìránsífọ́mà àdúgbò wa kú. Kò kú ikú òjijì. Ó kọ́kọ́ ń kùn bí ẹni tí inú ń run, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í rú èéfín, nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú, ó dún gbòà, àwọn ewúrẹ́ tó ń sùn lábẹ́ rẹ̀ fọ́n ká, gbogbo àdúgbò sì pariwo lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n. Àwọn àgbà kọ lẹ́tà. Nígbà tí èsì kò dé, wọ́n kọ lẹ́tà mìíràn láti fi bèèrè lẹ́tà àkọ́kọ́. Níkẹyìn, ọkùnrin méjì wá, wọ́n dúró nísàlẹ̀ òpó, wọ́n gbójú sókè, wọ́n mi orí, wọ́n ní ṣé a lè rí omi tútù fún àwọn. Àwa tí a kò ní iná fún wọn ní omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n mu ún, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo ti bí ọmọ méjì báyìí. Mo gbà pé àwọn ọkùnrin náà ṣì wà lójú ọ̀nà.

Wẹ́dà ni bàbá mi. Bàbá Gàní ni gbogbo Àtìkòrì ń pè é, nítorí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń jẹ́ Gàní. Èmi Kúdí, tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo sì dé kẹ́yìn, n kò rí ẹni tó pè é ní Bàbá Kúdí rí àyàfi ẹni tó bá fẹ́ bèèrè ìdí tí mo fi jí máńgòrò ká. Wẹ́dà tí kò ní iná, ọkùnrin tó jókòó ni. Jẹnẹrétọ̀ tó ń lò ti nọ́ọ̀kì ṣáájú ìgbà náà, ẹ̀yìn ilé ló wà, adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀, òun nìkan ló sì ń mú nǹkan jáde nínú gbogbo irinṣẹ́ bàbá mi. Kí iná tó lọ, ìró iṣẹ́ rẹ̀ ló bo gbogbo agboolé wa mọ́lẹ̀, ṣàì, ṣàì, bí ìgbà tí omi bá kán sínú epo gbígbóná. Nígbà tí ìyẹn dákẹ́, a wá ń gbọ́ àwọn ìró tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí a kò mọ̀: ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, ẹ̀rọ ìlagi tó ń fi dísù ṣiṣẹ́ lọ́nà jínjìn, ọmọrogùn ìyá mi nínú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́, àti bàbá mi tó ń mí kanlẹ̀ lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí iná wà, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣáájì fóònù tirẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tí ọ̀gá wọn gbà láyè fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun nìkan ni inú rẹ̀ dùn nílé wa.

Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló ń sọ, kò sì fi ohunkóhun là á. Tí mo bá kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, ará Ọ̀yọ́ tó bá ń kà á yóò rò pé mò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí náà mo ti wọ aṣọ Yorùbá inú ìwé fún gbogbo ohun tó sọ níbí, kí ó forí jì mí. Yàrá iwájú ni tirẹ̀, fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kan sì ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó máa ń fi áńkáṣífù wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Kì í ṣe nítorí ìgbéraga. Inú fóònù yẹn ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ń gbé.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin náà ni Àǹtí Sìdí, àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ bàbá kan náà. Ó fẹ́ apẹja kan ní Efire, létí ọ̀sà lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wa ti tán tí omi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni apẹja náà, aláṣọ funfun. Bàbá mi ní ilé Mùsùlùmí ni ilé wa, òun kò lè fojú òun rí i. Bàbá mi tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ Iléyá nìkan ni mọ́ṣáláṣí máa ń rí i, lọ́jọ́ náà pàápàá wọn á ti kírun dé ààbọ̀ kó tó dé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ̀rọ̀ ọkọ Àǹtí Sìdí wá, ó di ààfáà àgbà. Ó ní bí ó bá lọ, kí ó má jẹ́ kí òun gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́ láyé. Àǹtí Sìdí ní ó dáa, ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà tí tìránsífọ́mà kú. Ohun kan ṣoṣo tó ti Efire wá tí bàbá mi kò bá jà ni ẹja. Oṣooṣù ni Àǹtí Sìdí ń fi ẹja yíyan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, inú ìkọ́kọrẹ́ ló sì ń wọ̀, bàbá mi ló sì ń jẹ orí rẹ̀. Ìyá Àgbà a jókòó, a máa wò ó bó ṣe ń la egungun, a wá bi í pé, "Ẹja yìí ò mà bá ẹ sọ̀rọ̀?" Bàbá mi a ní, "Ẹja wo?" A sì tún na ọwọ́ sí òmíràn.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ́, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Àǹtí Sìdí a pè. Kí fóònù tó dún ni bàbá mi á ti rántí pé òun ní ẹni tí òun fẹ́ rí ní Òkè-Agbo. Kò sí ìgbà tó rí ẹni náà, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí kò lọ wá a. Nígbà tí iná wá lọ tí fóònù Ìyá Àgbà kú, tí Jímọ̀ọ́ kan kọjá tí a kò gbọ́ ohùn kankan, Ìyá Àgbà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù náà lórí itan, kò jẹun ọ̀sán, kò jẹ tàṣáálẹ́. Gàní ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù agẹrun tó ń fi jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣáájì fóònù fún gbogbo ènìyàn. Bàbá mi wò ó bíi pé ó ní kí òun jalè. Ó ní, "Èmi tí mo mọ iná bí mo ṣe mọ ojú ara mi, kí ìyá mi máa lọ tọrọ iná lọ́wọ́ ẹni tó ń gẹrun?" Ó dìde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọ̀sẹ̀ méjì tó dìde fún ohun tó yàtọ̀ sí oúnjẹ.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ tó ti di ilé aláǹtakùn jáde. Ó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan, ó mú ẹ̀rọ tó ń yí fáànù iwájú ọkọ̀ bọ̀ láti inú òkìtì irin. Ó ṣàlàyé fún wa pé bí iná bá lè yí irin, irin náà tí a bá yí i gbọ́dọ̀ dá iná padà, pé ó dà bí ẹni tí a yá ní nǹkan. Ó fi ayùn irin àti bóòtì ṣe ẹsẹ̀ tó gbé kẹ̀kẹ́ náà nílẹ̀, táyà ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́, ó fi rọ́bà so táyà mọ́ ẹ̀rọ náà, ó fa wáyà jáde. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni. Nígbà tó parí, ó pe gbogbo ilé jọ sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó gun kẹ̀kẹ́ náà bí ọba tó gun ẹṣin, ó ki fóònù tara rẹ̀ bọ wáyà, torí ó ní ẹni tó bá ṣe oògùn ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó wà á. Iná tàn lójú fóònù. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Orí bàbá mi wú, ó sáré sí i, ó tún sáré sí i, ó ń wo ojú wa dípò kó wo ohun tó ń ṣe, títí òórùn bíi ti ike tó jóná fi gba inú agboolé. Fóònù náà wú bí àkàrà. Bàbá mi sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó ní, "Iná yẹn ti pọ̀ jù." Ìyá Àgbà ní, "Kú iṣẹ́." Bí bàbá mi ṣe di ẹni tí kò ní fóònù mọ́ nìyẹn, tí ti Ìyá Àgbà sì fi di ẹyọ kan ṣoṣo tó ń wà nílé lọ́sàn-án.

Ó fi nǹkan kún un, ó yọ nǹkan kúrò, iná náà wá balẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ àtẹ iṣẹ́ kálukú sára ògiri. Gàní yóò wa kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ kó tó lọ sílé ẹ̀kọ́, Kúdí yóò wà á nígbà tó bá dé, Gàní yóò tún wà á kí òòrùn tó wọ̀. Níwájú orúkọ tara rẹ̀, ó kọ "Alábòójútó". Iṣẹ́ alábòójútó ni kí ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ó máa gbọ́ ìró ṣéènì, kẹrẹ-kẹrẹ, kẹrẹ-kẹrẹ, bó bá sì ti falẹ̀, kí ó ní, "Kúdí, iná ń lọ." Ojú rẹ̀ lè wà ní pípadé, kí ó máa hanrun pàápàá, etí rẹ̀ kì í sùn. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú fóònù wá, bàbá mi sì ń gbà á pẹ̀lú ọ̀yàyà, torí kì í ṣe itan tirẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Injiníà. Ó ń dáhùn. Nígbà tí mo bá ń wà á, mò ń wo ojú kan náà, ara ògiri, àgbálùmọ̀, okùn aṣọ, mo sì ń rò ó nínú ọkàn ọmọdé mi pé bí kẹ̀kẹ́ yìí bá ń rìn ni, èmi ìbá ti dé Mẹ́kà, ìbá ti di Àlájà kí Gàní tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ìyá Àgbà nìkan ló máa ń gbé àga kékeré rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, a bu gaàrí sínú abọ́ fún mi, gaàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, pẹ̀lú omi inú àmù, a ní, "Rọra, ọmọ mi. Okùn ọmọ ìyá yi, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn kì í ṣe irin."

Nígbà tí òjò fi ń dáwọ́ dúró, bátìrì fóònù Ìyá Àgbà bàjẹ́. Ìyà tí a fi jẹ ẹ́ ti pọ̀ jù: ẹ wà á lónìí, ẹ sáré, ẹ dúró, ẹ tún sáré. Kò gba iná dúró mọ́. Bí a bá ń wa kẹ̀kẹ́, fóònù wà láàyè; bí a bá dúró, ó kú. Bàbá mi ní òun yóò wá òmíràn, ó sì ń wá a bó ṣe ń wá ẹni Òkè-Agbo yẹn. Nítorí náà, gbogbo Jímọ̀ọ́ tó bá ti dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wa kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àkókò tí Ìyá Àgbà bá fi ń bá Àǹtí Sìdí sọ̀rọ̀. Wáyà náà kò gùn ju apá kan lọ. Orí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ni fóònù ń wà, Ìyá Àgbà a tẹ ibi tí ohùn ti ń jáde sí gbangba, a bẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ẹni ń kí àgbà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti Gàní ṣe mọ gbogbo ọ̀rọ̀ Efire. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe gbọ́ pé Àǹtí Sìdí ti lóyún, lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tó ti ń wojú Ọlọ́run. Ìyá Àgbà ní kí n má sọ fún bàbá mi. Kò sí ìdí kankan fún mi láti sọ ọ́. Bàbá mi gbọ́ látẹ̀yìn fèrèsé ní ọjọ́ kan náà. Mo rí orí rẹ̀.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀ọ́. Ọjọ́ Túsìdeè ni, a wà ní họlidé, Gàní ti lọ sóko, ìyá mi wà níbi iṣẹ́. Oyún Àǹtí Sìdí ti tó bí, Ìyá Àgbà sì ti ní láti ìgbà tí ọ̀sẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ pé fóònù òun kò gbọdọ̀ kú lójúmọmọ. Èmi ni mo wà lórí kẹ̀kẹ́ láti aago mẹ́wàá. Oòrùn mú. Bàbá mi ń bójú tó mi láti orí ẹní. Nígbà tí fóònù dún, Ìyá Àgbà tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ̀lóò, Sìdí." Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn Àǹtí Sìdí tí mo mọ̀. Ó rí tínrín, ó sì ń já. Ó ní, "Màámi, láti àná ni. Kò wá."

Obìnrin mìíràn gba fóònù náà, ìyá àgbẹ̀bí ìjọ wọn ni, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, ọmọ náà dábùú. Iṣẹ́ yìí ti kọjá ọwọ́ mi, mo ti sọ ọ́ láti òwúrọ̀, ọsibítù ló kàn. Ọkọ ẹ̀ wà lórí omi, a ti rán ọkọ̀ ojú omi lọ pè é. Ọkọ̀ ilẹ̀ kan tó wà níbí ti lọ sọ́jà." Ìyá Àgbà ní, "Kí ló wá kù?" Obìnrin náà ní, "À ń gbàdúrà, a sì ń wá ọkọ̀." Lẹ́yìn ìyẹn ni Àǹtí Sìdí ké. N kò tíì gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ mi gbàgbé ohun tó ń ṣe. Ṣéènì dákẹ́, ojú fóònù ṣú, igbe náà sì gé sí méjì.

N kò mọ ìgbà tí bàbá mi dé ọ̀dọ̀ mi. Mo kàn rí i pé ẹnì kan gbé mi kúrò lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni gbé agbọ̀n kúrò lórí àga, ó sì ti ń wà á. Kò wọ bàtà. Ìyá Àgbà tan fóònù náà, ó pe Efire padà, ó gbé e sórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Níbẹ̀ ni bàbá mi wà, ọkùnrin tó búra pé òun kò ní gbọ́ ohùn àbúrò òun mọ́ láyé, ohùn náà ń jáde níwájú imú rẹ̀, kò sì lè dí etí torí pé ó fi ọwọ́ méjèèjì di kẹ̀kẹ́ mú, kò lè sọ̀ kalẹ̀ torí pé bó bá sọ̀ kalẹ̀ ohùn náà yóò kú. Ìyá Àgbà ń sọ̀rọ̀ ìtùnú, Àǹtí Sìdí ń sọ pé òun kò lè ṣe é mọ́, pé kí Màámi bá òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Bàbá mi ń wà á, ó ń wo ògiri. Níkẹyìn, ó ní, "Sìdí."

Àǹtí Sìdí ní, "Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Bọ̀ọ̀dá?" Ó mí sínú. "Bọ̀ọ̀dá, kí ló dé tí ẹ̀ ń mí báyìí?"

"Orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà."

N kò mọ ohun tó rò pé òun sọ. Òótọ́ ni, orí kẹ̀kẹ́ ló wà. Ṣùgbọ́n ní Efire, wọn kò mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kan wà ní Àtìkòrì tí kì í rìn. Ìyá Àgbà kò sọ ọ́ fún un rí, torí ojú ń tì í. Ẹkún dé sí ohùn Àǹtí Sìdí. Ó ní, "Orí kẹ̀kẹ́? Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀ ń bọ̀ ni?"

Bàbá mi wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà tó máa ń ní kí a fi ata bọ ẹnu ọmọ tó bá purọ́, tó ti fi bọ tèmi lẹ́ẹ̀mejì, gbójú sókè, ó ń wo àgbálùmọ̀ bíi pé ó fẹ́ ka èso rẹ̀. Bàbá mi ní, "Mò ń bọ̀."

"Ṣé ẹ ti rìn jìnnà?"

"Mo ti rìn jìnnà. Má gé e. Fún ìyá yẹn ní fóònù, kó gbọ́ mi, kó tún dá a padà fún ẹ." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí. Awakọ̀ kan wà ní Àbígí, kò jìnnà sí wọn, tí bàbá mi ṣe ara bọ́ọ̀sì rẹ̀ fún, òun náà ló fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sẹ́yìn bọ́ọ̀sì náà, nọ́ńbà tó tóbi tó láti kà láti òkè odò. Ó rántí rẹ̀. Ó ń ké e jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín èémí, ìyá àgbẹ̀bí ń tún un pè, ó fi fóònù tirẹ̀ pe awakọ̀ náà. Bàbá mi ní, "Sọ fún un pé èmi wẹ́dà Àtìkòrì ni mo ní kó wá. Sọ fún un pé àbúrò mi ni." Ọdún mẹ́ta ni n kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ̀.

Bí ó ti pẹ́ tó kí bọ́ọ̀sì náà tó dé, n kò lè sọ, ṣùgbọ́n wọ́n pe ìrun Àílà, ó ṣì ń wà á. Mo bu omi, mo gbé e sí i lẹ́nu, ó mu ún lórí ìrìn. Ìgbàkígbà tí ìrora bá dé, Àǹtí Sìdí a ní, "Ibo lẹ dé báyìí?" Bàbá mi, ẹni tí kò gba ọ̀nà Efire rí láyé rẹ̀, yóò wá ìlú kan fún un. Ó ní òun ti kọjá Òru. Ó ní òun ti rí J4. Ó ní òkè kan ló ń yọ òun lẹ́nu, kí ó ní sùúrù. Ìyá Àgbà ń fi etí ìró rẹ̀ nu òógùn lójú rẹ̀. Mo rí i pé kì í ṣe òógùn nìkan, n kò sì bèèrè, torí n kò fẹ́ kí wọ́n fi ata bọ ẹnu mi. Nígbà tí a gbọ́ fèrè ọkọ̀ nínú fóònù, tí ìyá àgbẹ̀bí ní àwọn ti gbé e wọlé ọkọ̀, pé Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn ń gbé e lọ, Àǹtí Sìdí tún gba fóònù, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yí padà, ẹ máa bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde." Bàbá mi ní, "Mo ti yí padà." Lẹ́yìn tí wọ́n gé e, ó ṣì ń wà á. Ìyá Àgbà ló fi ọwọ́ kàn án léjìká, ó ní, "Ó tó."

Ọ̀kadà méjì la gbé dé gáréèjì, ọkọ̀ la wọ̀ dé Ìjẹ̀bú-Òde. Bàbá mi kò pààrọ̀ ṣòkòtò. Nígbà tí a dé ọsibítù, wọ́n ti gbé Àǹtí Sìdí wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. A jókòó sórí bẹ́ńṣì. Lẹ́yìn Àsárì ni ọkọ rẹ̀ dé, apẹja náà, omi ọ̀sà ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó rí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà. Bàbá mi ní, "Dìde, ilẹ̀ yìí tutù." Ó sún fún un lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n jókòó pa pọ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà jẹ́jẹ́ ní ìlànà ìjọ tirẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá mi ṣe àmín. Ó ṣe é bí ẹni ń húkọ́, kó lè sẹ́ ẹ bí wọ́n bá bi í.

Obìnrin ni ọmọ náà. Ó kéré, ó sì ń bínú. Ó di ọjọ́ kejì kí wọ́n tó jẹ́ kí a wọlé, Àǹtí Sìdí dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Bàbá mi wọlé kẹ́yìn. Ó ń tiro, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti le gan-an bí igi. Àǹtí Sìdí wo bó ṣe ń rìn. Ó wo ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, níbi tí gírísì ṣéènì ti kùn ún dúdú dé orúnkún. Ó na ọwọ́, ó di ṣòkòtò náà mú, ó sì sunkún títí nọ́ọ̀sì fi wá wò ó. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì náà pé, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Orí kẹ̀kẹ́ ló ti ń bá mi sọ̀rọ̀ láti Àtìkòrì. Ohun tí mo dì mú nìyẹn, pé ó ń bọ̀, pé kí n má kú kó tó dé."

Ó ti pẹ́ báyìí. Ọmọ náà ti ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, wọ́n sì ń sọ ìtàn náà ní Efire títí dòní, mo gbọ́ pé nínú ti ìsinsìnyí, táyà kẹ̀kẹ́ náà jò lẹ́ẹ̀mẹta lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó tíì sọ òótọ́ rẹ̀ nínú wa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, nínú yàrá ọsibítù yẹn, mo wo bàbá mi, mò ń retí kó sọ òótọ́, kó ní kẹ̀kẹ́ náà kò kúrò lábẹ́ àgbálùmọ̀. Nọ́ọ̀sì náà yí sí i, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Láti Ìjẹ̀bú-Igbó, sà? Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́?"

Bàbá mi tún ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ọ̀nà yẹn ò dáa rárá."